Èbúté Douala àti Ọ̀ràn Ìdáríjì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kó o kò ní gbàgbé. Òwe náà kò dùn ún gbọ́ létí, ṣùgbọ́n òun ni ó kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn nígbà tí a ka ìwé tí Ààrẹ Emmanuel Macron ti ilẹ̀ Faransé kọ sí Ààrẹ Paul Biya ti ilẹ̀ Kamẹrúùnù, èyí tí gbogbo ayé rí kà ní oṣù kẹjọ ọdún 2025. Nínú ìwé náà ni Faransé ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ogun gidi ni òun jà ní Kamẹrúùnù, àti pé ogun náà kò tán nígbà tí ilẹ̀ náà gba òmìnira ní ọdún 1960. Ó jẹ́wọ́ pé lábẹ́ àṣẹ òun ni a ti pa Ruben Um Nyobè, olórí àwọn tí ń jà fún òmìnira, ní ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án ọdún 1958, àti àwọn mìíràn pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ kò ní rí gbólóhùn kan ṣoṣo tí ó bẹ̀bẹ̀ fún ìdáríjì.

Ní oṣù kejì ọdún kan náà, ní Abuja nílé wa níhìn-ín, Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gbé ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jáde. Nínú rẹ̀ ni ó ti jẹ́wọ́ pé Olóyè M.K.O. Abiola ni ó borí nínú ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993, ìdìbò tí ìjọba tirẹ̀ fagi lé. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí ó borí ti kú sí àhámọ́ ní ọdún 1998. Wọ́n ti yìnbọn pa Kudirat ìyàwó rẹ̀ ní ìgboro Èkó ní ọdún 1996.

Ìjẹ́wọ́ méjì láàrin ọdún kan! Àwa tí a ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi, tí a sì ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run dárí jì wá bí àwa náà ti ń dárí ji àwọn tí ó ṣẹ̀ wá, kò yẹ kí a ka irú ìròyìn báyìí bí ẹni ka iye owó kókò, kí a sì ká ìwé ìròyìn náà kọ. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó gbé síwájú wa. Níbo ni Ọlọ́run wà nígbà tí aṣebi ń ṣe ibi? Ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti dárí jì? Kí sì ni ó gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ ẹni tí ń tọrọ ìdáríjì wá? Láti dáhùn wọn, a fẹ́ kí ẹ bá wa dé èbúté kan, nítorí pé níbẹ̀ ni a ti rí gbogbo ọ̀ràn náà tí ó pé jọ sójú kan.

Etí odò Wouri

Èbúté Douala kò sí létí òkun gan-an. Etí odò Wouri ni ó wà, ó sì tó nǹkan bí 50 kìlómítà kí ọkọ̀ tí ó bá kúrò níbẹ̀ tó bọ́ sí agbami. Nínú odò yìí ni àwọn atukọ̀ ará Pọtogí ti rí edé púpọ̀ ní ayé àtijọ́, tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Odò Edé ní èdè tiwọn. Láti ara orúkọ náà ni a ti rí Kamẹrúùnù. Láti ọdún 1999 ni ìjọba ti fi àkóso rẹ̀ lé àjọ kan lọ́wọ́, èyí tí à ń pè ní Port autonome de Douala. Ibẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹrù ojú omi ilẹ̀ náà ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni kókò, òwú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti igi gẹdú ń gbà jáde. Àwọn ará Chad àti Central African Republic tí kò ní òkun nílẹ̀ wọn, ibẹ̀ ni ojú wọn ń wò.

Èbúté dà bí ẹnu ènìyàn: ìbùkún ń ti ibẹ̀ jáde, ègún ń ti ibẹ̀ jáde. Láti etí odò yìí ni a ti ta àwọn ọmọ ènìyàn lẹ́rú sí òkè òkun. Kì í sì í ṣe aláwọ̀ funfun nìkan ni ó jẹ nínú rẹ̀, nítorí àwọn ọba Duala fúnra wọn ni alágbàtà, títí wọ́n fi bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì mulẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1840 pé àwọn yóò jáwọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni ìyìn rere gba ojú omi kan náà wọlé. Joseph Merrick, ọmọ adúláwọ̀ láti Jàmáíkà, níbi tí oko ẹrú ti ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, dé Bimbia létí òkun náà ní ọdún 1844. Alfred Saker, Gẹ̀ẹ́sì Onítẹ̀bọmi, tẹ̀lé e dé Douala ní ọdún 1845, ó sì parí ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè Duala ní ọdún 1872. Ọmọ ìran àwọn tí a tà lọ ni ó padà wá sọ fún ìran àwọn tí ó tà wọ́n pé Ọlọ́run fẹ́ràn wọn. Bí kò bá sí ohun mìíràn tí à bá gbọ́ nípa ìdáríjì, ẹyọ kan yìí ì bá tó wa ronú.

Ilẹ̀ tí ó wà lókè èbúté

Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 1884, àwọn ọba Bell àti Akwa tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn oníṣòwò ará Jámánì. Wọ́n gbé ọlá àṣẹ lé Jámánì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n di ilẹ̀ wọn mú: àwọn tí ń gbé orí ilẹ̀ ni yóò máa ní i. Kò tó ọgbọ̀n ọdún tí àwọn Jámánì fi wò ó pé òkè Joss, tí ó dojú kọ odò, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí dáadáa, kò yẹ fún adúláwọ̀. Wọ́n pinnu pé kí àwọn Duala kó kúrò níbẹ̀ lọ sí inú lọ́hùn-ún, ní ibi tí à ń pè ní New Bell lónìí; kí àwọn aláwọ̀ funfun nìkan máa gbé òkè odò; kí ilẹ̀ ṣófo tí ó tó kìlómítà kan ní ìbú sì ya àwọn méjèèjì. Àwọn tí baba ńlá wọn ti ń ṣòwò létí omi yóò wá di ẹni tí ń wo omi láti òkèèrè.

Rudolf Duala Manga Bell ni ọba nígbà náà. Onígbàgbọ́ ni. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Jámánì, ó sì mọ òfin àti èdè wọn. Kò gbé ìbọn. Ìwé ni ó kọ. Ó kọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Jámánì ní Berlin, ó sì tọ́ka sí àdéhùn ọdún 1884. Wọ́n yọ ọ́ lóyè ní ọdún 1913. Ó rán Adolf Ngoso Din, akọ̀wé rẹ̀, lọ sí Jámánì ní bòńkẹ́lẹ́ láti wá agbẹjọ́rò. Wọ́n mú ọkùnrin náà, wọ́n sì dá a padà. Ìròyìn láti ààfin Bamum dé etí àwọn Jámánì pé Manga Bell ń wá ìrànlọ́wọ́ lọ́dọ̀ àwọn ọba mìíràn, wọ́n sì fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kàn án. Ogun ti bẹ́ sílẹ̀ ní Yúróòpù nígbà tí a gbé òun àti akọ̀wé rẹ̀ wá síwájú adájọ́ ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1914. Àwọn míṣọ́nnárì bẹ Gómìnà Ebermaier, kò gbà. Ní ọjọ́ kejì a yẹgi fún àwọn méjèèjì. Ní ọjọ́ kan náà ni a yìnbọn pa Martin-Paul Samba ní Ebolowa.

Ọ̀ràn yìí kò jìnnà sí wa bí ó ti dàbí. Ní ọdún 1913 kan náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ Àpápá, ní èbúté Èkó, lọ́wọ́ Olóyè Amodu Tijani Olúwa, tí wọ́n ní ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ láti gba owó rẹ̀ ní kíkún. Òun náà kọ ìwé. Òun náà pe ẹjọ́. Ní ọdún 1920 ni ó bá Herbert Macaulay wọ ọkọ̀ lọ sí London, nígbà tí ó sì di ọdún 1921, ìgbìmọ̀ àwọn adájọ́ àgbà níbẹ̀ dá a láre pé ará ìlú ni ó ni ilẹ̀. Àwọn èbúté méjì, ìwé méjì, ọdún kan: ọ̀kan padà sílé pẹ̀lú ìdáláre, èkejì kú sórí igi. A kò sọ èyí láti fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe ẹni mímọ́, nítorí a mọ ohun tí ó ṣe fún Ẹlẹ́kọ̀ọ́ Èṣúgbàyí ní ọdún 1925. A sọ ọ́ kí olùkà lè mọ̀ pé ohun tí Manga Bell béèrè kì í ṣe ọ̀tẹ̀. Ẹ̀tọ́ tí à ń fi ẹnu yìn nínú ìtàn Macaulay ni.

Níbo ni Ọlọ́run wà?

Nínú irú ọ̀ràn báyìí, ìdáhùn mẹ́ta ni ó máa ń yá àwa Onígbàgbọ́ lẹ́nu, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kò sì tó.

Ìdáhùn kìíní ni pé iṣẹ́ Èṣù ni. Ọ̀rọ̀ yìí rọrùn púpọ̀ ní èdè wa, láti ìgbà tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì ti fi orúkọ Èṣù fún olùdánwò. Bí ọkùnrin jalè, iṣẹ́ Èṣù ni. Bí ìjọba pa aláìṣẹ̀, iṣẹ́ Èṣù ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Èṣù ni ó ya àwòrán ìlú tí ó lé Duala kúrò létí omi. Kì í ṣe òun ni ó jókòó lórí àga ìdájọ́, kì í sì í ṣe òun ni ó kọ etí dídi sí ẹ̀bẹ̀ àwọn míṣọ́nnárì. Ènìyàn ni, ó ní orúkọ, ó ní owó oṣù, ó sì ṣeé ṣe kí ó lọ sí ìsìn ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e. Ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ẹni tí ó bá kó gbogbo ibi lé Èṣù lórí ti dá gbogbo ìka sílẹ̀.

Ìdáhùn kejì ni pé Ọlọ́run ni ó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó ń ti inú ibi mú rere jáde. Òótọ́ ńlá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ó léwu lẹ́nu ẹni tí kò ni ín. Àjàyí Crowther, tí a kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821, kọ̀wé ní ọdún 1837 nípa ọjọ́ burúkú náà, ó sì sọ pé òun ti kọ́ láti pè é ní ọjọ́ ìbùkún ní apá kan, nítorí ọ̀nà tí ó ti ibẹ̀ là sílẹ̀ fún òun. Jósẹ́fù sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn arákùnrin rẹ̀ ní Íjíbítì. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: Jósẹ́fù ni ó sọ ọ́, àwọn arákùnrin rẹ̀ kọ́. Crowther ni ó sọ ọ́, ẹni tí ó dè é lókùn kọ́. Ọjọ́ tí olówò-ẹrú bá dìde tí ó ní, ‘Ṣé ẹ rí i pé ìyà tí mo fi jẹ yín ni ó sọ yín di Bíṣọ́ọ̀bù,’ ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ di ọ̀rọ̀ òdì. Ẹni tí ojú rẹ̀ rí ibi nìkan ni ó lè jẹ́rìí pé ibi ti di rere. Bí kò bá sì sọ ọ́, kò sí ẹni tí ó lè fi ipá sọ ọ́ fún un. Ẹgbàágbèje ni ó kú sínú ọkọ̀, tí kò di bíṣọ́ọ̀bù.

Ìdáhùn kẹta ni pé Ọlọ́run gbẹ̀san. Ó dùn mọ́ni lọ́kàn púpọ̀. Ọjọ́ 50 gééré lẹ́yìn tí a yẹgi fún Manga Bell, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 1914, Douala bọ́ sọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Ìjọba Jámánì dópin níbẹ̀. Ta ni kò ní rí ọwọ́ Ọlọ́run nínú èyí? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé ìtàn náà dé iwájú díẹ̀. Ilẹ̀ Joss kò padà sọ́wọ́ àwọn Duala. Faransé tí ó lé olè jáde jókòó ti ẹrù olè. Nígbà tí ó di ọdún 1929, àwọn Duala tún ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ nípa ilẹ̀ wọn sí ìgbìmọ̀ àgbáyé tí ó wà ní Geneva. Bí ìṣubú Jámánì bá jẹ́ ìdájọ́ Ọlọ́run, ṣé ìdájọ́ ni ìjọba Faransé náà? Ọlọ́run kì í ṣe jagunjagun tí ẹgbẹ́ kan háyà láti fi ṣẹ́ òmíràn.

Kí ni a ó wí nígbà náà? Àwọn baba wa, kí Bíbélì tó dé, ti ní orúkọ kan fún Olódùmarè: Adákẹ́dájọ́. Nínú ìwé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Ìdòwú kọ ní ọdún 1962 lórí Olódùmarè, ọ̀rọ̀ ìdájọ́ rẹ̀ ní ipò tirẹ̀ gédégédé. Orúkọ náà sọ ohun méjì pọ̀. Ó ní Ọlọ́run ń dákẹ́: kò fi ìdákẹ́ náà pamọ́, kò sì bẹ̀bẹ̀ nítorí rẹ̀. Ó tún ní Ọlọ́run ń dájọ́: ìdákẹ́ kì í ṣe ìgbọ̀jẹ̀gẹ́. Ẹni tí ó mọ orúkọ yìí kò ní pariwo pé Ọlọ́run kú nígbà tí aláìṣẹ̀ bá kú, kò sì ní fi ẹnu Ọlọ́run sọ ohun tí Ọlọ́run kò sọ.

Ìgbàgbọ́ Kírísítì wá fi ohun kan kún un tí ó ṣòro láti gbé mì. Ẹ ro ẹjọ́ Manga Bell wò: a fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan ọkùnrin kan lábẹ́ ìjọba àjèjì, àwọn kan nínú ìran tirẹ̀ ní ọwọ́ nínú rẹ̀, a dá ẹjọ́ náà wàràwàrà, gómìnà lè dá a sílẹ̀, kò dá a sílẹ̀, a so ó rọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn Pọ́ńtù Pílátù lọ́dọọdún, ǹjẹ́ ẹ kò ti gbọ́ ìtàn yìí rí? Ohun tí Onígbàgbọ́ ń jẹ́wọ́ ni pé nígbà tí irú ibi bẹ́ẹ̀ ń lọ, Ọlọ́run kò sí lórí àga gómìnà. Ó wà lọ́dọ̀ ẹni tí a so rọ̀. Bí a bá gba èyí gbọ́, a kò lè bi wá pé níbo ni Ọlọ́run wà ní Douala ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 1914, kí a máa wo òkè. Ìsàlẹ̀ igi ni kí a wò.

Ọwọ́ ìjọ kò mọ́

Bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́, kí a sọ ọ́ tán. Ìjọ Ọlọ́run náà ní ẹ̀bi. Lẹ́yìn tí Jámánì gba Kamẹrúùnù, àwọn Onítẹ̀bọmi ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi iṣẹ́ wọn lé àwọn míṣọ́nnárì Basel lọ́wọ́, láìbi àwọn ọmọ ìjọ léèrè dáadáa. Àwọn ọmọ ìjọ kan sì dá tiwọn sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn Onítẹ̀bọmi Èkó ti ṣe ní ọdún 1888. Lotin Same, pásítọ̀ àti akọrin, di olórí ìjọ àwọn ọmọ ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1922 àwọn míṣọ́nnárì Faransé yọ ọ́ nípò, nítorí pé ó fẹ́ kí ìjọ adúláwọ̀ máa ṣe àkóso ara rẹ̀. Ní Àjíǹde ọdún 1955, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì kọ̀wé sí àwọn ọmọ ìjọ wọn láti kìlọ̀ nípa ẹgbẹ́ UPC, ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní Douala ní ọdún 1948, tí Um Nyobè jẹ́ akọ̀wé àgbà rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù keje Faransé fi òfin de ẹgbẹ́ náà. Um Nyobè, tí àwọn míṣọ́nnárì Presbyterian kọ́ ní ìwé, bọ́ sínú igbó, ibẹ̀ ni a sì ti pa á lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Wọ́n da kọnkéré bo òkú rẹ̀, bí ẹni pé òkú lè jí dìde gba ilẹ̀ rẹ̀ padà.

Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a rántí ohun tí Póòpù John Paul Kejì ṣe ní Yaoundé ní oṣù kẹjọ ọdún 1985. Ó dúró ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, ó sì tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà nítorí ìpín tí àwọn Onígbàgbọ́ ní nínú òwò ẹrú. Kò ní Èṣù ni, kò sì ní ayé ìgbà náà ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ìjọ tí kò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa ara rẹ̀ kò lè wàásù fún gómìnà.

Ta ni yóò dárí jì?

Ọ̀rọ̀ náà, ìdáríjì, ní orí nínú. Orí ẹni tí a ṣẹ̀ ni ọ̀ràn náà dúró lé. Kò sí ẹni tí ó lè fi orí ẹlòmíràn dárí jì. Bí Táyé bá gbá Kẹ́hìndé létí, tí èmi tí mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan ní, ‘Ó tì, mo ti dárí jì í,’ àwọn ará ilé yóò fi mí rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀ ohun tí àwọn ìjọba ń ṣe lójoojúmọ́ nìyí.

Ẹ wo òfin tí Kamẹrúùnù ṣe ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá ọdún 1991. Òfin náà dá orúkọ àwọn mẹ́rin padà sí ipò ọlá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: Um Nyobè; Félix Moumié, ẹni tí a fún ní májèlé jẹ ní Geneva ní ọdún 1960; Ernest Ouandié, ẹni tí a yìnbọn pa ní gbangba ní Bafoussam ní oṣù kìíní ọdún 1971; àti Ahmadou Ahidjo, ààrẹ tí ó wà lórí àga nígbà tí a yìnbọn pa Ouandié! Ẹni tí a pa àti ẹni tí a pa á lábẹ́ àṣẹ rẹ̀ dúró lórí ìlà kan nínú òfin kan. A mọ̀ pé ìjọba fẹ́ kí ilẹ̀ rọ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í rọ̀ báyìí. Òfin lè dá ọlá padà. Kò lè dárí jì. Opó Ouandié kò sí nínú ilé ìgbìmọ̀ tí ó dìbò.

Àwọn kan yóò wí pé, ‘Kristi sọ pé kí a dárí jì ní ìgbà àádọ́rin lọ́nà méje, kí ni ó kù tí a ń wá?’ Bẹ́ẹ̀ ni, ó sọ bẹ́ẹ̀, a kò sì ní fi ìka kan yín in kù. Ẹni tí ó bá di ìkùnsínú mú, ara rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jó. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí Kristi fúnra rẹ̀ ti ṣe é. Lórí igi ni ó gbàdúrà fún àwọn tí ó kàn án mọ́gi. Láti gbàdúrà pé kí a dárí ji ènìyàn, a ti sọ ná pé ó jẹ̀bi. A kì í dárí ji aláìṣẹ̀. Ìdáríjì ni ó ń pe ibi ní ibi jù lọ. Ìgbàgbé ni ó ń pè é ní ohun mìíràn. Sákéù náà kò dákẹ́ nígbà tí Jésù wọ ilé rẹ̀: ó dìde dúró, ó ní òun yóò san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin fún ẹni tí òun bá ti rẹ́ jẹ. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó san án kí ó tó rí ìgbàlà. Ìgbàlà ni ó wọlé tí ọwọ́ rẹ̀ fi là.

Ohun mẹ́ta, nígbà náà, ni à ń retí lọ́wọ́ ẹni tí ń wá ìdáríjì: kí ó jẹ́wọ́ ohun tí ó ṣe, kí ó bẹ̀bẹ̀, kí ó sì dá ohun tí ó lè dá padà padà. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ìwé Ààrẹ Macron, ìdá kan nínú mẹ́ta ni ó dé. Ó jẹ́wọ́, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré, nítorí ìjọba Faransé mìíràn ti fi ọdún púpọ̀ sẹ́. Irọ́ lè sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ó ṣèlérí pé àwọn olùwádìí yóò rí àwọn ìwé àtijọ́ kà. Ẹ̀bẹ̀ àti ẹ̀san ni a kò rí. Ní Jámánì, àwọn ìlú Ulm àti Aalen, níbi tí Manga Bell ti gbé nígbà èwe rẹ̀, sọ gbàgede ìlú ní orúkọ rẹ̀ ní ọdún 2022. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, Berlin yọ orúkọ Gustav Nachtigal, ẹni tí ó gbé àsíá Jámánì dúró ní Douala, kúrò lára gbàgede kan, ó sì fi orúkọ Bell rọ́pò rẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n orúkọ ojú ọ̀nà ní Berlin kò ná Berlin ní ohun kan. Ilẹ̀ tí ó wà lókè èbúté ni Manga Bell kú fún.

Ilé ni à ń wò

Kí á má fi ojú wo ìgbèrí ẹlòmíràn kí á gbàgbé tiwa. Ní ọdún 1999 ni ìjọba Nàìjíríà gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Chukwudifu Oputa láti gbọ́ ẹ̀hónú àwọn tí ìjọba ológun ti jẹ níyà. Àwọn ènìyàn wá láti ibi gbogbo, wọ́n jókòó níwájú àwọn aṣebi wọn, wọ́n sọkún ní gbangba. Ìgbìmọ̀ náà fi àbọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ jíṣẹ́ ní ọdún 2002. Ìjọba kò gbé e jáde fún ará ìlú. A bi ènìyàn léèrè ibi tí ó ń dùn ún, ó fi hàn wá, a sì dìde kúrò níbẹ̀.

Ní ti ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, Ààrẹ Buhari bẹ ìdílé Abiola ní ọdún 2018 ní orúkọ ìjọba, ó sì fi oyè tí ó ga jù dá olóògbé náà lọ́lá. Ẹ̀bẹ̀ ti wà níbẹ̀, ó wá láti ẹnu ẹni tí kò fagi lé ìdìbò náà. Ìjẹ́wọ́ wá ní ọdún 2025, láti ẹnu ẹni tí ìjọba rẹ̀ fagi lé e. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó jáde, àwọn ọlọ́rọ̀ tí ó péjọ ń dá owó ńláńlá fún ilé ìkàwé tí a ó kọ́ ní orúkọ ajẹ́wọ́. Ǹjẹ́ kò yẹ kí ẹnì kan nínú wọn béèrè nípa àwọn tí a yìnbọn pa ní ìgboro Èkó ní oṣù keje ọdún 1993, nígbà tí wọ́n ń wọ́de?

A ó sì lọ síwájú sí i, nítorí pé èyí ni ó ṣòro jù láti sọ. Àwa Yorùbá náà ta ara wa. Kì í ṣe Pọtogí ni ó jó Òṣogùn. Àwọn ọmọ ogun tí ń sọ èdè tí ó yé Àjàyí wà nínú wọn, ọwọ́ ará ilé sì ni ó ti ń bọ́ sí ọwọ́ ará ilé kí ó tó dé Èkó. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Ìlú mélòó nínú ilẹ̀ wa ni ó ti jókòó, pẹ̀lú ọba àti ìjòyè, láti sọ pé, ‘Àwa ṣe èyí, ó burú’? Bí a bá ń béèrè lọ́wọ́ Faransé, ẹ jẹ́ kí á múra láti dáhùn bí ẹlòmíràn bá béèrè lọ́wọ́ wa.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni iṣẹ́ yìí kù sí. Ẹ má ṣe kọ́ àwọn ọmọ pé ìdáríjì ni kí a pa ẹnu mọ́. Ẹ má sì ṣe kọ́ wọn pé ìkórìíra ni ìfẹ́ ilẹ̀ baba ẹni. Ẹ kọ́ wọn ní orúkọ àti ọjọ́: Manga Bell àti Ngoso Din, 1914, Um Nyobè, 1958, Kudirat, 1996. Nígbà tí wọ́n bá ti mọ orúkọ ẹni tí a ṣẹ̀, tí wọ́n sì mọ orúkọ ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́, ni ẹ tó lè kọ́ wọn ní àdúrà tí ó sọ̀rọ̀ ìdáríjì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnu lásán ni wọn yóò fi gbà á.

Àwọn ọkọ̀ ń wọlé sí Douala lónìí, wọ́n ń já ẹrù sílẹ̀ lábẹ́ òkè Joss bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rí. A kò bẹ Ọlọ́run pé kí ó dá àwọn ọkọ̀ náà dúró. Ohun tí a bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ìwé kejì ti Paris wá, kí ẹ̀bẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kí ìwé àbọ̀ ìgbìmọ̀ Oputa jáde láti Abuja. Kí ó má sì jẹ́ ọmọ ọmọ àwọn tí a ṣẹ̀ nìkan ni yóò kà wọ́n. Adákẹ́dájọ́ ń gbọ́. Àwa kò gbọdọ̀ dákẹ́.